Ìtọ́sọ́nà Fún Gbígbin Ata Rodo Tí Ara Rẹ̀ Le Sí Ẹ̀yìnkùlé

Ata rodo kì í ṣe ohun ọ̀gbìn tí ó ṣòro, síbẹ̀ ó wà lára ohun tí ó máa ń já ọ̀pọ̀ ìdílé kulẹ̀ jù lọ nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń gbìn sí ẹ̀yìnkùlé. Ata náà yóò hù dáadáa, yóò yọ ewé mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, lẹ́yìn náà ni ewé rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ká kò, tí òdòdó rẹ̀ yóò sì máa já dànù, títí onílé yóò fi sáré lọ bá àwọn tí ń ta oògùn kòkòrò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibẹ̀, oògùn kò rí nǹkan gidi ṣe mọ́. Ìlera ata wà lọ́wọ́ kóró tí a yàn, ilẹ̀ tí a pèsè, omi tí a fún un àti bí a ṣe dáàbò bò ó nígbà tí ó ṣì kéré, nítorí náà ibi tí ìtọ́sọ́nà yìí yóò dúró sí jù ni ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìparí. Ata rodo ní ilẹ̀ Yorùbá ni mo ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí mo sọ bá ata ṣọ̀ḿbọ̀, tàtàṣé àti ata wẹ́wẹ́ mu pẹ̀lú.

Ìgbà tí ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀

Ata rodo máa ń lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ní nọ́sìrì, ìyẹn ibi tí a ti ń tọ́jú ọmọ ata, kí ó tó tó ohun tí a lè ṣí lọ sí ilẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìn ín sí ilẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fìdí múlẹ̀ ní oṣù Kẹrin gbọ́dọ̀ ti fọ́n kóró ní oṣù Kejì, nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ táútáú. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ti ìgbà kejì yóò fọ́n kóró ní oṣù Keje, kí ọmọ ata lè bọ́ sí ilẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹjọ tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí òjò bá padà lẹ́yìn ìsinmi rẹ̀ ti oṣù Kẹjọ.

Ìgbà méjèèjì ní wàhálà tirẹ̀. Ata ìgbà àkọ́kọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ béèrè omi lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n òjò púpọ̀ máa ń mú ìdíbàjẹ́ gbòǹgbò àti àbàwọ́n èso wá. Ata ìgbà kejì máa ń so nígbà tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ, àrùn inú òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu, àmọ́ kòkòrò a máa pọ̀ sí i, a sì gbọ́dọ̀ máa bomi rin ín títí ọyẹ́ yóò fi kọjá. Fún ìdílé tí ó bá ní kànga tàbí omi ẹ̀rọ tí kì í dá lẹ́kun, ìgbà kejì ni mo fara mọ́ jù, nítorí omi jẹ́ ohun tí a lè darí fúnra wa, a kò sì lè sọ fún òjò pé kí ó dáwọ́ dúró.

Kóró tí a ó gbìn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bu kóró láti inú ata tí wọ́n rà lọ́jà. Kò burú bí a bá mọ ohun tí à ń wò, àmọ́ ewu méjì wà níbẹ̀. Èkíní ni pé wọ́n lè ti ká ata náà kí ó tó gbó dáadáa, èyí tí ó ń mú kí kóró inú rẹ̀ má hù tàbí kí ó hù láìlágbára. Èkejì ni pé a kò mọ bí igi tí ó so ó ṣe rí, bóyá àrùn wà lára rẹ̀ tàbí kò sí, bẹ́ẹ̀ ni a kò mọ̀ bóyá irú ata àdàlù tí àwọn oníṣòwò irúgbìn máa ń ta ni. Kóró inú irú ata bẹ́ẹ̀ kì í bí ọmọ tí ó jọ ìyá rẹ̀. Oyin àti àwọn kòkòrò mìíràn tún máa ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó láti ara irú ata kan dé ara òmíràn, nítorí náà kóró tí a mú láti inú rodo tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata wẹ́wẹ́ lè hù jáde ní àwọ̀ àti adùn mìíràn.

Ohun tí ó dára jù ni kí a ra kóró tí ọjọ́ tí a dì í wà lára páálí rẹ̀, tàbí kí a gbà á lọ́wọ́ aládùúgbò tí a ti rí igi ata rẹ̀ pẹ̀lú ojú ara wa. Àwọn tí ń gbé ní Ìbàdàn tàbí nítòsí rẹ̀ lè lọ béèrè ìmọ̀ràn ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí èso àti ewébẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí a mọ̀ sí NIHORT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìdí-Ìṣìn ní ọdún 1975.

Bí a bá fẹ́ yọ kóró fúnra wa, kí a mú èso tí ó ti pọ́n dé ìdí, láti ara igi tí ewé rẹ̀ tẹ́jú tí kò ní àbàwọ́n kankan. Kí a wọ ìbọ̀wọ́ tàbí kí a fi òróró pa ọwọ́, nítorí inú awọ funfun tí kóró so mọ́ ni títa ata pọ̀ sí jù, kì í ṣe inú kóró fúnra rẹ̀. Kí a tẹ́ kóró náà sórí bébà ní ibi tí atẹ́gùn wà ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ti mú un ní tààrà, kí a sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó wọ ìgò. Sísá kóró ata sórí páànù nínú oòrùn ọ̀sán gangan máa ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Nọ́sìrì, ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù

A lè lo àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, páálí ẹyin tí ó jẹ́ ike, tàbí kọ́ọ̀pù kéékèèké tí a lu nídìí. Erùpẹ̀ tí a ó kó sínú rẹ̀ ni ìpín méjì ilẹ̀ dúdú, ìpín kan ìgbẹ́ ẹran tí ó ti jẹrà dáadáa àti ìpín kan iyanrìn odò. Kí a tó fi kóró sí i, kí a da omi híhó sí erùpẹ̀ náà kí ó rin ín dé ìsàlẹ̀, tàbí kí a yan án lórí iná nínú agolo ńlá, kí a sì jẹ́ kí ó tutù pátápátá. Iṣẹ́ kékeré ni èyí, ṣùgbọ́n ó ń pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń jẹ ìdí ọmọ ata àti àwọn aràn ilẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín tí ń bá gbòǹgbò jà.

Kí a ri kóró sínú erùpẹ̀ ní ìwọ̀n ìlàjì sẹ̀ǹtímítà sí sẹ̀ǹtímítà kan, kí a fi àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí àárín ìlà kan sí èkejì, kí a rọra wọ́n omi sí i, kí a sì fi imọ̀ ọ̀pẹ tàbí bébà bò ó. Rodo kì í yá hù bíi ṣọ̀ḿbọ̀. Àwọn kan yóò yọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, àwọn mìíràn lè dúró dé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí náà kí a má ṣe tú erùpẹ̀ wò. Bí ìdajì wọn bá ti yọ, kí a ká ohun tí a fi bò wọ́n kúrò lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ọmọ ata tí kò rí ìmọ́lẹ̀ yóò ga fíofío, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì tín-ín-rín.

Láti ìgbà yìí lọ, ọ̀tá méjì ni ó wà. Ọ̀kan wà nínú ilẹ̀: bí a bá ń da omi púpọ̀ jù sí i, tàbí tí àwọn ọmọ ata fún mọ́ ara wọn, ẹsẹ̀ wọn yóò rọ ní ibi tí ó kan ilẹ̀, wọn yóò sì wó lulẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Kí a bomi rin wọ́n ní òwúrọ̀ nìkan, nígbà tí ojú erùpẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, kí a sì yọ àwọn tí ó pọ̀jù dànù kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn kọjá.

Ọ̀tá kejì ń fò wá láti ìta, òun ni ó sì léwu jù. Àwọn kòkòrò kéékèèké aláwọ̀ ewé tí ń kóra jọ sábẹ́ ewé, àti àwọn eṣinṣin funfun tín-ínrín tí ń fò bí a bá fọwọ́ kan ewé, máa ń gbé fáírọ́ọ̀sì láti ara ata àtijọ́ tàbí láti ara koríko wá sára ata tuntun. Ọ̀kan lára àwọn fáírọ́ọ̀sì wọ̀nyí wọ́pọ̀ gan-an ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó máa ń sọ ewé ata di abilà, tí ojú iṣan ewé yóò sì máa ní àwọ̀ ewé líle nígbà tí ìyókù ewé náà ti ṣá. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí kòkòrò náà bá fi ẹnu kan ewé ni ó ti kó o ràn án, oògùn tí a bá sì fọ́n kì í yá tó láti pa á kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí ń wo ata tí ó bá ti kó o sàn. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ gbogbo ẹni tí ń gbin ata sílé pé kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo nọ́sìrì wọn láti ọjọ́ tí ata bá ti yọ títí di ọjọ́ tí a ó ṣí i nípò. Kí a ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin bọlẹ̀ ní igun rẹ̀, kí a fa nẹ́ẹ̀tì lé e, kí a sì fi erùpẹ̀ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí àyè kankan má ṣe ṣẹ́kù. Nẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí kò ya wúlò fún iṣẹ́ yìí, bí àwọn kòkòrò tí ó kéré jù bá tilẹ̀ ráyè gba ojú rẹ̀ wọlé. Ata tí ó bá bọ́ sí ilẹ̀ láìní fáírọ́ọ̀sì ti ní agbára, bí ó bá tilẹ̀ kó o nígbà tó bá yá, yóò ti so.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ìṣínípò, kí a dín omi rẹ̀ kù díẹ̀, kí a sì máa gbé e sínú oòrùn pẹ́ díẹ̀ sí i lójoojúmọ́, kí ara rẹ̀ lè gbó.

Ilẹ̀

Ata nílò oòrùn tí kò dín ní wákàtí mẹ́fà lóòjọ́. Abẹ́ igi máńgòrò kì í ṣe àyè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ibi tí omi ìfọṣọ àti omi ilé ìwẹ̀ ń ṣàn gbà. Kí a má ṣe gbìn ín sí ibi tí a ti gbin tòmátì, ìgbá tàbí ata mìíràn láàárín ọdún méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn, nítorí ìdílé kan náà ni gbogbo wọn, àrùn kan náà ni ó sì ń bá wọn jà. Ibi tí àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ ti kúrò dára.

Láti mọ̀ bóyá omi ń gba inú ilẹ̀ lọ, kí a gbẹ́ ihò tí ó jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kí a da omi kún un. Bí omi náà bá ṣì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, a jẹ́ pé ata yóò kú síbẹ̀ nígbà òjò, àyàfi bí a bá kọ ebè tí ó ga tó 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà. Mo gbà pé kí ebè wà ní ibi gbogbo tí òjò ti ń pọ̀, bí ilẹ̀ náà bá tilẹ̀ dára.

Ìgbẹ́ adìẹ jẹ́ ajílẹ̀ tí ó dára fún ata, ṣùgbọ́n tútù rẹ̀ ń jó gbòǹgbò. Kí a kó o jọ síbi kan, kí a máa yí i, títí kò fi ní gbóná mọ́, tí òórùn rẹ̀ tí ń ta imú yóò lọ, tí yóò sì jọ erùpẹ̀ dúdú. Kí a po ẹ̀kúnwọ́ méjì rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó gbìn. Eérú igi náà wúlò fún ilẹ̀ tí ó kan jù (ilẹ̀ tí ásíìdì pọ̀ nínú rẹ̀), ìwọ̀nba ẹ̀kúnwọ́ kan sì ti tó. Àmọ́ kí a má ṣe pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìẹ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí eérú máa ń lé oúnjẹ inú ìgbẹ́ náà lọ sínú afẹ́fẹ́.

Ẹni tí ilẹ̀ ilé rẹ̀ jẹ́ kọnkéré lè lo garawa 20 lítà tàbí àpò ìrẹsì, igi ata kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ihò bá ti wà nídìí rẹ̀.

Ṣíṣí ata lọ sí ilẹ̀

Bí ọmọ ata bá ti ga tó 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà, tí ó sì ní ewé márùn-ún tàbí mẹ́fà, àkókò tó. Ìrọ̀lẹ́ ni kí a ṣe é, tàbí ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú. Kí a bomi rin nọ́sìrì ṣáájú, kí a gbé ata náà tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, kí a sì gbìn ín dé ìwọ̀n tí ó wà tẹ́lẹ̀, kí a má rì í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí àlàfo 60 sẹ̀ǹtímítà wà láàárín igi kan sí èkejì àti 75 láàárín ìlà méjì. Ó máa ń dà bíi pé a fi ilẹ̀ ṣòfò lójú ẹni tí ó ń wo ọmọ ata kékeré, ṣùgbọ́n rodo máa ń ya ẹ̀ka gbọọrọ, bí ewé wọn bá sì ti ń kan ara wọn, ìrì òwúrọ̀ kì í tètè gbẹ, àrùn yóò sì rí ilé. Kí a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta.

Kí ọgbà wà yí i ká kí ọjọ́ náà tó ṣú. Ewúrẹ́ yóò jẹ ewé ata, adìẹ yóò sì fi ẹsẹ̀ tú ìdí rẹ̀.

Omi àti oúnjẹ

Ìdí ata ni kí a da omi sí, kì í ṣe ewé rẹ̀, òwúrọ̀ sì ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, igi tí ó ti ń so lè gba lítà kan sí méjì ní ọjọ́ méjì méjì, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ wa ni òṣùwọ̀n tí ó dára jù: kí a tì í bọ ilẹ̀ títí dé oríkèé kejì, bí a bá sì bá òtútù níbẹ̀, kí a fi í sílẹ̀. Ewé tí ó rọ ní ọ̀sán gangan tí ó sì gbéra ní ìrọ̀lẹ́ kò béèrè omi.

Kí a fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ ìdí rẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kí ó má sì kan ẹsẹ̀ igi náà. Ó ń dá ọ̀rinrin dúró, ó ń dín koríko kù, ó sì ń dènà kí òjò máa ta erùpẹ̀ sára ewé àti èso. Omi tí kò dọ́gba, tí ó pọ̀ lónìí tí ó wọ́n lọ́la, ni ó máa ń mú kí òdòdó já, tí ó sì máa ń sọ ìsàlẹ̀ tàtàṣé di àbàwọ́n awọ gbígbẹ nítorí pé èròjà kálísíọ́ọ̀mù kò rí omi gùn dé inú èso. Òdòdó a tún máa já bí ooru ọ̀sán bá kọjá ìwọ̀n 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, tí òru kò sì tutù. Ìyẹn kì í ṣe àrùn, bí ooru bá rọlẹ̀ yóò tún so.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìṣínípò, a lè fi ajílẹ̀ NPK 15-15-15 nǹkan bíi gíráàmù mẹ́wàá yí igi kọ̀ọ̀kan ká, ní ìwọ̀n 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí a bò ó mọ́lẹ̀, kí a sì bomi rin ín. Kí a tún ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí òdòdó bá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ìgbẹ́ adìẹ tí ó jẹrà lè lò ó dípò rẹ̀. Àjẹjù nìkan ni kí a sá fún, torí igi tí ó ní náítírójìn púpọ̀ (èròjà inú ajílẹ̀ tí ń mú ewé dàgbà) yóò kún fún ewé láìní èso.

Bí a ṣe ń mọ ohun tí ń ṣe ata

Kí a máa yí ewé wò lábẹ́, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bí ewé tuntun bá di abilà, tí ó kéré, tí ó sì lọ́ bìrìpẹ̀, fáírọ́ọ̀sì ni a fura sí. Kí a fa igi náà tu, kí a kó o sínú àpò kí kòkòrò ara rẹ̀ má baà fò lọ, kí a sì sun ún. Kí ẹni tí ó bá ń fín áṣáà tàbí tí ń mu sìgá fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó kan ata, nítorí fáírọ́ọ̀sì kan wà nínú tábà tí ọwọ́ lè gbé ràn án.

Bí etí ewé bá ká sísàlẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń dán láwọ̀ idẹ, àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fa omi ara rẹ̀ mu. Bí a bá rí àwọn kòkòrò aláwọ̀ ewé, kí a kọ́kọ́ fi omi líle fọ ẹ̀yìn ewé. Bí wọ́n bá padà, kí a po ṣíbí kékeré kan ọṣẹ olómi tí kò lágbára mọ́ lítà omi kan, kí a dán an wò lára ewé kan fún ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà kí a fọ́n ọn sábẹ́ gbogbo ewé ní ìrọ̀lẹ́. A tún lè gún 50 gíráàmù kóró dóńgóyárò, kí a rẹ ẹ́ sínú lítà omi kan mọ́jú, kí a sì sẹ́ ẹ. Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun kò dára fún un, oògùn tí a fi ń pa aáyán nínú ilé kò sì gbọ́dọ̀ kan ohun tí àwọn ọmọ wa yóò jẹ.

Bí igi tí ara rẹ̀ yá gágá bá ṣàdédé rọ, tí ewé rẹ̀ sì ṣì tutù, kí a gé ìsàlẹ̀ ẹ̀ka rẹ̀, kí a fi ojú ibi tí a gé sínú ife omi mímọ́. Bí ohun funfun bí omi wàrà bá ń ṣàn jáde láti ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bakitéríà inú ilẹ̀ ni. Kí a hú u tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, kí a má sì gbin ata, tòmátì tàbí ìgbá síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Kí a fọ ọkọ́ tí a fi hú u kí ó tó kan ibòmíràn.

Bí igi bá ràn, tí kò kú tí kò sì dàgbà, kí a fa ọ̀kan tu wò. Bí kókó wíwú bá wà lára gbòǹgbò, aràn ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ tí a bá ń bọ́ pẹ̀lú ìgbẹ́ adìẹ jíjẹrà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà wọ́n láàyè. Èso tí ojú rẹ̀ jìn wọlé bí àpá yíká tàbí tí ìdin wà nínú rẹ̀, kí a ká a, kí a sì ṣa gbogbo èyí tí ó já sílẹ̀, kí a rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí ọgbà. Èyí tí ó bá jókòó sílẹ̀ ni ó ń bí ti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Ìkórè

Rodo sábà máa ń fún wa ní èso àkọ́kọ́ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìṣínípò. Kí a fi ọwọ́ kan di ẹ̀ka mú, kí a fi ọ̀bẹ tàbí àlùmọ́gàjí gé èso náà pẹ̀lú ìrù rẹ̀, nítorí ẹ̀ka rodo kì í gba fífà. Kí a máa ká a ní ọjọ́ márùn-ún sí méje síra wọn, torí èso tí ó pọ́n tí a fi sílẹ̀ lórí igi ń dá òdòdó tuntun dúró. Kí a má ṣe fọ ata tí a fẹ́ tọ́jú, àfi ìgbà tí a bá fẹ́ lọ̀ ọ́.

Igi rodo tí ara rẹ̀ le lè lò ju ọdún kan lọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń parí, kí a fi ọ̀bẹ mímọ́ gé àwọn ẹ̀ka rẹ̀ kù sí bí ìdajì, bẹ̀rẹ̀ láti ara igi tí ó yá jù kí a má baà gbé àrùn kiri, kí a bu ajílẹ̀ sí ìdí rẹ̀, kí a sì pààrọ̀ koríko tí a fi bò ó. Bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé.